Àwo Tí A Kì Í Dá Gbọ́

Ọjọ́ tí Tẹ́lọ̀ rí àwo orin náà, kò pariwo. Ó rọra gbé e sábẹ́ apá bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn, ó san iye tí aláàlòkù pè é, ó sì bọ́ sójú títì. Aláàlòkù náà, ọkùnrin kan tó ń ta àga tó ti kán ẹsẹ̀, fáànù tí kò yí mọ́ àti ìwé ilé-ìwé tí eku ti jẹ létí, wò ó títí tó fi yà ní kọ̀rọ̀. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé ó yẹ kí òun pè é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ra ọjà láì ná an, ó mọ ohun tó rí.

Tẹ́lọ̀ délé, ó fọ ọwọ́, ó nu ún gbẹ, ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ó wá gbé àwo náà lé e. Páálí rẹ̀ ti ṣá. Ọkùnrin márùn-ún ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò nínú àwòrán ara rẹ̀, kò sì sí èyí tó wo ẹni tó ń ya wọ́n. Ó fa àwo dúdú náà yọ, ó gbé e sí ojú fèrèsé, ó ń yí i síwá sẹ́yìn kí ìmọ́lẹ̀ lè kọjá lórí rẹ̀. Kò rí egbò kan lára rẹ̀. Ó dá a padà sínú páálí.

Kò gbé e sórí ẹ̀rọ. Ó ti wá àwo yìí láti ìgbà èwe, ó wá rí i tán, kò sì lè gbọ́ ọ, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò bá a gbọ́ ọ.

Nígbà tí Tẹ́lọ̀ ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń kọ́ṣẹ́ igi ní òdìkejì títì. Orin jáàsì ló so wọ́n pọ̀, orin àwọn onífèrè tó máa ń gbéra láìmọ ibi tí wọn yóò balẹ̀ sí. Kò sí ẹlòmíràn ládùúgbò tó fẹ́ gbọ́ ọ. Àwọn méjèèjì kò sì lágbára odidi ẹ̀rọ. Káfíńtà ra èyí tí ń yí àwo lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kó kúrò nílé, Tẹ́lọ̀ ra àpótí tí ń gbé ohùn jáde. Ẹ̀rọ Káfíńtà kò lẹ́nu, àpótí Tẹ́lọ̀ kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Nítorí náà, ní ọ̀sán gbogbo Sátidé, ọ̀kan nínú wọn a gbé tirẹ̀ lé èjìká lọ sọ́dọ̀ èkejì. Bí wọ́n bá jà, orin dákẹ́ nìyẹn, ìdí nìyí tí ìjà wọn kì í fi í kọjá Fúráìdè.

Tẹ́lọ̀ kò gbàgbé ohun tó fi ra àpótí náà. Ọ̀gá rẹ̀ kì í fún ọmọ iṣẹ́ lóúnjẹ ọ̀sán. Owó oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ ń fún un ló ń tọ́jú, odidi àsìkò òjò kan ló sì fi ń mu omi lọ́sàn-án, tó ń sọ fún àwọn yòókù pé inú òun kún. Bàtà rẹ̀ ti lu nísàlẹ̀. Ó gé páálí sínú rẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, páálí náà a rọ̀ múkúmúkú, a sì máa dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ti ń rìn, àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà a ní, "Tẹ́lọ̀, ta lò ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń ké?"

Nígbà tí olúkúlùkù ti wá lágbára odidi ẹ̀rọ tirẹ̀, wọn kò jẹ́ kí àṣà náà kú. Ẹnikẹ́ni tó bá rí àwo tuntun, kò gbọ́dọ̀ dá a gbọ́. Yóò tọ́jú rẹ̀ di Sátidé. "Àwo tuntun, etí mẹ́rin" ni wọ́n máa ń wí. Lẹ́yìn ìgbọ́ àkọ́kọ́, kí ẹni tó ni í máa gbọ́ ọ títí yóò fi gbó.

Àwo ọlọ́kùnrin márùn-ún yìí ni àgbà gbogbo ohun tí wọ́n wá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀kan náà kò sì pé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni, wọ́n dúró sẹ́yìn fèrèsé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, rédíò ń kọ nínú ilé, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì ti dárúkọ àwo náà. Fèrè kan dá bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ bí ẹni tó ń rìn nínú ilé onílé nínú òkùnkùn, tó ń fọwọ́ wá ògiri. Àwọn yòókù wọlé tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà fèrè dákẹ́ lójijì, bí ẹni tó rántí nǹkan. Bó ti dákẹ́ ni iná lọ. Wọ́n dúró, dúró. Nígbà tí iná fi máa dé, ìròyìn ni wọ́n ń kà.

Láti ọjọ́ náà ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lọ̀ ní dùùrù ló tẹ̀ lé e. Káfíńtà ní rárá, fèrè náà ló padà wá, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó tẹ àwo náà ti kógbá wọlé, wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí sọ ọ́ ní Àlejò. "Bóyá Àlejò á dé lọ́sẹ̀ yìí," ni ọ̀kan a wí bí wọ́n bá ń pínyà. Wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú tí wọn kò ní ìbátan sí, wọ́n kúnlẹ̀ nínú eruku yàrá ìkẹ́rùsí, wọ́n tú ẹrù àwọn òkú tí wọn kò mọ̀ rí. Nígbà tí wọ́n ń dàgbà sí i, Káfíńtà a máa fi ọwọ́ di orúnkún mú kó tó dìde, ṣùgbọ́n kò sọ rí pé òun kò lọ.

Ìgbà kan wà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn àwo àtijọ́ tẹ̀. Wọn a fọ ohùn rẹ̀ mọ́, wọn a fi páálí tó ń dán wé e. Tẹ́lọ̀ kórìíra irú èyí. "Aṣọ tí wọ́n tú tí wọ́n tún rán ni àtúntẹ̀," ló máa ń sọ. "Abẹ́rẹ́ tuntun lè wọ ojú ihò àtijọ́, ṣùgbọ́n aṣọ náà mọ̀ pé wọ́n ti tú òun rí."

Káfíńtà kú nínú àìsàn àyà, láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń wọ bàtà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Sátidé tó tẹ̀ lé ìsìnkú, Tẹ́lọ̀ wọṣọ, ó mú àwo kan dání, ó rìn dé ìdajì ọ̀nà kó tó yé e. Ó dúró lẹ́bàá títì bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀, kí àwọn tó ń kọjá má bàa rò pé nǹkan ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ó padà sílé.

Ilé náà ti dá páropáro kí Káfíńtà tó kú pàápàá. Ìyàwó Tẹ́lọ̀ ti lọ bá ọmọ wọn obìnrin tọ́jú ọmọ tuntun ní ìlú míràn. Ó ní òun kò ní í pẹ́. Ọmọ náà ti ń gbé báàgì lọ sílé-ìwé fúnra rẹ̀ báyìí.

Ìyàwó rẹ̀ yìí ni Tẹ́lọ̀ kọ́kọ́ pè lọ́jọ́ tó gbé àwo náà délé.

"Bàbá wọn, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun. Ìyá wọn, Àlejò ti dé."

"Àlejò wo? Ẹ ṣí àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì o, aṣọ ibùsùn tó mọ́ wà níbẹ̀. Ẹ má fi èyí tẹ́ ẹ̀ ń sùn lé tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un."

"Àwo ni."

"Ó ga o. Inú mi ti ń dùn pé ẹnì kan wà lọ́dọ̀ yín."

Tẹ́lọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun gbọ́ ọ lórí fóònù. Ó ní kò burú, kó gbé e sí i, èékánná ọmọ lòun ń gé, etí òun ṣófo. Tẹ́lọ̀ gbé fóònù sí iwájú àpótí ohùn, ó gbé apá ẹ̀rọ sókè, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lófuurufú. Ó wo fóònù náà. Ihò tó ń gbọ́ràn lára rẹ̀ kò tó ojú abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Ó gbé apá ẹ̀rọ padà sórí ibùsọ̀ rẹ̀.

"Ó di ọjọ́ míì," ló wí.

"Ṣé ó ti bà jẹ́ ni?"

"Kò bà jẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, onílé wá wo òrùlé tó ń jò. Tẹ́lọ̀ fi àga lọ̀ ọ́. Onílé jókòó, ó wo àwo náà lórí aṣọ funfun, ó ní, "Ṣé orin tó lọ́rọ̀ nínú ni?"

"Rárá o. Fèrè ni, dùùrù, ìlù."

"Kò sẹ́ni tó ń sọ nǹkan kan níbẹ̀?"

"Kò sí."

"Kí la wá fẹ́ gbọ́?" Onílé dìde, ó tún gbójú sókè wo ibi tó ń jò. "Ẹ gbé garawa sábẹ́ rẹ̀ ná."

Báyìí ni Àlejò ṣe wà lórí tábìlì, tí Tẹ́lọ̀ ń gé aṣọ oníbàárà ní igun kan kí ó má bàa fara kàn án. Nígbà tó yá ni ìyàwó Káfíńtà ránṣẹ́ sí i pé òun ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun, kó wá kó àwo ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí òun tó dá ilé padà fún onílé rẹ̀. Tẹ́lọ̀ ronú sí i. Etí Káfíńtà ti lọ, ṣùgbọ́n etí tó bá a gbé inú ilé kan náà ṣì wà láyé. Ó fi aṣọ wé Àlejò, ó mú ọ̀nà pọ̀n.

Ó bá obìnrin náà láàárín àwọn àpótí, ó ń ká aṣọ. Pẹpẹ tí Káfíńtà fọwọ́ ara rẹ̀ kàn mọ́ ògiri fún àwo ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ ti gbàgbé ọ̀nà ilé yìí."

"Mi ò gbàgbé, ìyàwó. Ẹsẹ̀ ló ń kọ̀."

"Ẹsẹ̀ tí kì í kọ̀ bó bá di ọ̀dọ̀ àwọn aláàlòkù. Kí lẹ wé sínú aṣọ bí òkú ológbò yẹn?"

Tẹ́lọ̀ tú u. Ó ṣàlàyé ohun tó jẹ́, ó sì sọ ohun tó fẹ́. Obìnrin náà tẹ́tí sí i parí, kò rẹ́rìn-ín.

"Àtìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń gbọ́ orin yín láti ẹ̀yìn ògiri," ló wí. "Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Ó máa ń dà bí ìgbà tí gbogbo mọ̀lẹ́bí ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí kò sẹ́ni tó ń dáhùn."

"Ẹ ò ní láti fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ ṣáà jókòó."

"Ṣé mo lè máa ká aṣọ mi?"

"Ẹ máa ká aṣọ."

Tẹ́lọ̀ fi ẹ̀wù nu abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Àwo náà kọ́kọ́ ń ta pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́ bí igi gbígbẹ nínú iná. Lẹ́yìn náà ni fèrè náà dé, òun gan-an, ó ń fọwọ́ wá ògiri nínú òkùnkùn. Tẹ́lọ̀ sún síwájú dé etí àga. Àwọn yòókù wọlé. Ó mọ ibi tí wọ́n ń lọ, ó ti rìn ín nínú orí rẹ̀ títí ọ̀nà fi là síbẹ̀. Fèrè dákẹ́.

Kí ohunkóhun tó tún dún, obìnrin tó ń ká aṣọ fi imú kọ orin kan, kúkúrú, tó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń sọ àtẹ̀gùn. Ó ń kọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí fèrè náà padà wá, jẹ́jẹ́, tó sì gbé orin náà gan-an látẹnu rẹ̀.

Tẹ́lọ̀ yíjú sí obìnrin náà. Ẹni tó mọyì àwo kì í gbé abẹ́rẹ́ kúrò láàárín orin, nítorí náà ó jẹ́ kó lọ títí ojú kan àwo náà fi parí. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ ìyókù. Ohun tó ti ń dúró dè láti ìgbà èwe kọjá létí rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọjá lójú títì.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́, ó ní, "Ìyàwó, níbo lẹ ti gbọ́ orin yìí rí?"

Obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó ṣe. Ó gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ lélẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ yín ní kí n má sọ," ló wí. "Ẹnu mi ò sì sọ ọ́. Imú ló tú u."

Ó wọ yàrá, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú àwo kan tí páálí rẹ̀ ń dán. Ọkùnrin márùn-ún kan náà ló wà lára rẹ̀, mọ́tò kan náà, àwọ̀ wọn ṣì dán bíi ti aṣọ tí kò tíì rí omi. Àtúntẹ̀ ni. Etí páálí náà ti rọ̀ nítorí mímú jáde àti dídá padà.

"Láti ìgbà wo ló ti wà ńlẹ̀?"

"Kí orúnkún rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún."

Tẹ́lọ̀ rántí ọjọ́ kan. Ọkọ̀ tó kẹ́yìn ti fi wọ́n sílẹ̀ lọ ní ìlú tí wọ́n lọ, òjò ń rọ̀, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn dé ìkóríta. Káfíńtà fi ọ̀rá bo orí, ó ń tiro. Ẹrù kan tí wọ́n lọ tú kò ní ju ìwé àdúrà àti abọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ òrùlé kan, Káfíńtà fún omi kúrò lára ẹ̀wù rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bóyá ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ó ń sọ bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n ń wá sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nílé.

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Ó fẹ́ sọ. Sátidé tó fẹ́ fi í hàn yín, ẹ wọlé, ẹ ò tíì jókòó, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú àtúntẹ̀. Ẹ ní aṣọ títú ni. Ó fi ẹsẹ̀ tì í wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì." Obìnrin náà mú aṣọ mìíràn, kò ká a. "Kùtùkùtù ló máa ń gbọ́ ọ, tí mo bá ń fọ abọ́, á jẹ́ kí ohùn rẹ̀ kéré. Mo ní kó pè yín. Ó ní bí Tẹ́lọ̀ bá ti gbọ́ ọ, kí ló tún kù tí yóò máa wá ṣe níbí? Mo ní ṣé ẹ̀yin méjèèjì ò lè kàn jókòó kẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀ ni? Ó ní ọkùnrin kì í lọ sílé ọkùnrin kó ní òun kàn wá wò ó. Ó gbọ́dọ̀ ní nǹkan tó wá ṣe."

Tẹ́lọ̀ fẹ́ bínú. Ó wá ìbínú náà kiri inú ara rẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó jábọ́ sórí ẹní, kò rí i.

"Ǹ bá ṣì máa wá," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Ṣé ẹ sọ fún un rí?"

"Rárá."

"Òun náà ò béèrè. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ gọ̀."

Tẹ́lọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ wé àwo tirẹ̀ padà. Obìnrin náà ń wò ó.

"Tiyín tètè tán," ló wí. "Tiwa ṣì kù."

"Ó kù báwo?"

"Lẹ́yìn ibi tí tiyín parí sí, tiwa ṣì ní ọ̀kan sí i. Èyí tí wọ́n ti ń ṣì í kọ."

Tẹ́lọ̀ gba páálí tó ń dán náà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀, ó mú un jìnnà sójú. Òótọ́ ni. Ní ìsàlẹ̀ àwọn orin ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, wọ́n kọ ọ́ pé orin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí títí di ìgbà àtúntẹ̀. Kò sí i lára Àlejò. Bí òun bá wá Àlejò láyé lọ́run, kò ní í bá a níbẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó di Sátidé," ló wí. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀ pé òun fẹ́ sọ ọ́. Ìgbà tó gbọ́ ọ létí ara rẹ̀ ló yé e bó ti rí lára Káfíńtà.

Obìnrin náà mi orí. "Ọ̀la ni ọmọ ń gbé ọkọ̀ bọ̀. Sátidé, mi ò ní í sí níbí. Ẹ jókòó."

Ó gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ó sì ju abẹ́rẹ́ lé e tó fi dún gìrà. Tẹ́lọ̀ kò jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kan abẹ́rẹ́ rí níwájú òun. Ó jókòó.

Orin náà kò yára. Àwọn márààrún jọ bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì rìn jìnnà kí onílù tó ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ohun gbogbo dúró. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè tí Tẹ́lọ̀ kò gbọ́, àga dún nílẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí obìnrin náà kò fi pamọ́ mọ́, ó ń fi imú kọ ọ́ ṣáájú wọn, ó ń ká aṣọ, Tẹ́lọ̀ sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí àjèjì tí wọ́n ń mú lọ sílé. Ó gbọ́ ọ pátá. Kò fi ohunkóhun sílẹ̀.

"Ó tán," ni obìnrin náà wí. Ó gbé abẹ́rẹ́ kúrò, ó fa okùn kan yí àpótí tó wà níwájú rẹ̀ po, ó ta kókó àkọ́kọ́. "Ẹ wá fi ìka tẹ ibí yìí fún mi."

Tẹ́lọ̀ kúnlẹ̀, ó fi ìka tẹ ojú kókó náà. Obìnrin náà ta èkejì lé e, ó fà á.

"Ẹ yọ ọ́."

Ó yọ ìka, okùn náà sì fún.

"Ó ku èyí," ni obìnrin náà wí, ó ti àpótí mìíràn sí i. Àpótí ṣì pọ̀ nílẹ̀.